Ojú Tí A Ti Jẹ́rìí Sí

Ohun tuntun kì í wọ́n níbi iṣẹ́ wa. Ilé ìkàwé ìṣègùn ni, ti yunifásítì kan ní Manhattan. Káńtà iwájú ni mò ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń yá ìwé, tí wọ́n ti ń dá a padà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń wá bi mí pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà. Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé tábìlì kan wá tó jẹ́ pé síkírìnì ni gbogbo orí rẹ̀. Àwòrán òkú èèyàn ló sùn sínú rẹ̀. Èèyàn á fi ìka gé e, á tún fi ìka rán an padà. Wọ́n kó àwọn ìwé àtìgbàdégbà àtijọ́ lọ sí ilé ìpamọ́ kan ní New Jersey, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà ìdánwò, wọ́n máa ń kó ajá wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ajá, sínú ilé ìkàwé, kí àwọn dókítà ọ̀la lè máa fọwọ́ pa á lórí, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ láràárọ̀.

Gbogbo ìyẹn ni mo fara mọ́. Ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn wọn ló bá mi lábo.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá. Síkírìnì kan ni, pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré lókè rẹ̀ àti pákó pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ tó ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Èèyàn á fi ìwé sórí pákó náà, lẹ́tà á yọ lórí síkírìnì. Tí èèyàn bá yí bọ́tìnnì rẹ̀, lẹ́tà yẹn á máa wú títí ẹyọ kan á fi tó àwo ìjẹun. Àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa ni wọ́n rà á fún. Ọ̀gá wa, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbòmíràn, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe open house fún àwọn aráàlú, kí àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ náà lè wá wo ohun tí a ní. Ó ní wọ́n tún ti ní àwọn ìwé pélébé nípa àìsàn ní oríṣiríṣi èdè, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ó wá ní èmi ni òun fẹ́ kó fi ẹ̀rọ tuntun yẹn han àwọn èèyàn, torí pé ohùn mi dára, àwọn èèyàn mi sì pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú yìí.

Mo ní, "Okay."

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé èmi gan-an ni wọ́n ra ẹ̀rọ náà fún. Mo ní àìsàn ojú kan tí dókítà mi pè ní glaucoma. Omi tó wà nínú ẹyinjú ló ń ti ojú láti inú, tó ń jẹ ìríran bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, títí á fi wá ku àárín nìkan, bí ẹni tó ń wo ayé láti inú páìpù. Kì í dunni. Apá tó bá ti lọ kì í padà mọ́. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn ń di èyí tó kù mú ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́. Ọwọ́ ni mo fi mọ gbogbo pẹpẹ ìwé ibẹ̀, mo mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín káńtà àti lífítì, mo sì mọ àwọn dókítà nípa ìró bàtà wọn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ lọ, tí wọ́n yí àwọn pẹpẹ padà, mo fi orúnkún kọ irin tuntun kan débi pé gbogbo ilé ìkàwé gbọ́ ọ. Mo ní bàtà mi ló tóbi jù.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún wọn. Ojú ń tì mí ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Tó bá sì jẹ́ pé ojú tèmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ǹ bá máà kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Ojú ìyá kan ti wọ̀ ọ́.

Mount Hope ni à ń gbé, ní Bronx, ṣọ́ọ̀ṣì wa kò sì jìnnà sílé. Ilé ìtajà àga ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí a tó sọ ọ́ di ilé Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni àìsàn yìí ti kọ́kọ́ dójú tì mí. Ẹni tí ò bá rí ẹ̀gbẹ́, kò lè rí àgbà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo máa ń kọjá lára àwọn bàbá àti ìyá láì kí wọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí láàárín wa. Bàbá kan ní látìgbà tí ọmọ mi ti gboyè ni mo ti ń gbé imú sókè. Òmíràn ní Amẹ́ríkà ti wọ̀ mí lára. Mo wá di ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo òjìji tó bá kọjá, mo tiẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ fún àga tí wọ́n fi kóòtù kọ́ rí. Ìyàwó mi ló sú, ló bá dìde lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó sọ fún gbogbo ìjọ pé kì í ṣe ìgbéraga, ojú ni. Pásítọ̀ ní kí gbogbo èèyàn na ọwọ́ sí mi. Wọ́n gbàdúrà títí tí ara mi fi ń gbóná.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bínú sí mi rí, ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú wa, tó máa ń jókòó sí ìlà iwájú. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó mọ ohun tó ń ṣe mí torí pé ohun kan náà ló ń ṣe òun náà. Oògùn kan náà ni àwa méjèèjì ń kán. Tí ìsìn bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àá jọ gbé orí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, àá kán an, á wá na tíṣù sí mi. Á ní, "Wá gba tìẹ. Àwa méjì là ń sunkún láìsí ẹni tó kú." Mo fẹ́ràn Màmá gan-an. Òun nìkan ni ojú kì í tì mí níwájú rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, à ń gbàdúrà nílé, ìyàwó mi ò rí awò ojú rẹ̀. Ó na ìwé mímọ́ sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ bá wa kà á." Ó ti pẹ́ tí mo ti kàwé sókè kẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ bí mo ṣe ń táràrà láti lẹ́tà kan sí èkejì, mo kàn ṣí i, mo wo inú rẹ̀, mo sì sọ orí kan tí ìyá mi ti kọ́ mi sórí nígbà tí mi ò tíì mọ̀wé. Mo kà á tán geerege. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ìyàwó mi ti di ẹnu mú.

Ó ní, "Ẹ ti ń ríran!"

Ojú rẹ̀ wà láàárín gan-an níbi tí mo ti ń ríran, mo sì rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Mi ò rí irú ayọ̀ yẹn lójú ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Ohun tó jáde ni, "A dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ó sì burú ju irọ́ lọ.

Ó kó oògùn mi jáde nínú fíríìjì, orin ló ń kọ bó ṣe ń ju ìgò náà sínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tó wọ balùwẹ̀, mo kó o jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kán oògùn mi nínú ilé ìtọ̀ ibi iṣẹ́, bí ọmọ ilé ìwé tó ń mu sìgá. Lọ́jọ́ ìsinmi, ìyàwó mi jáde láti jẹ́rìí. Ó sọ bí mo ṣe kàwé láìfi ìka tẹ̀ lé e. Ó jó, ó jó títí bàtà rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan fi bọ́. Pásítọ̀ ní kí n bọ́ síwájú, kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ gígùn tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Ẹ gbà mí gbọ́, aṣọ yẹn ti wà níbẹ̀ látìgbà tí a ti gba ilé náà. Èmi gan-an ni mo dúró lórí àkàbà tí wọ́n fi so ó kọ́. Mo kà á. Gbogbo ìjọ dìde, ìlù bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé mi káàkiri bí ìyàwó tuntun.

Ǹjẹ́ mo parọ́? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn lórí tíréènì títí ó fi sú mi. Láàárín wa, èèyàn lè jẹ́rìí nípa ìgbàgbọ́ sí ohun tí kò tíì dé, kí ó lè dé. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́. Ìyàwó mi kò tiẹ̀ jẹ́rìí nípa ìgbàgbọ́, ohun tó rò pé òun rí ló sọ. Èmi tí mo mọ̀ ni mo dákẹ́. Mo ń rò ó pé bóyá Ọlọ́run á tètè bá mi dí àlàfo àárín ẹ̀rí yẹn àti ojú mi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìsìn gùn bó ṣe máa ń gùn. Mo rántí pé àsìkò oògùn ti tó, mo wo iwájú, mo wá orí Màmá kàn. Kò gbé e sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìsìn, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Èmi náà ti dá tèmi dúró o. Mo ti da ìgò yẹn nù. Ẹni tó ṣe é fún ẹ, á ṣe é fún mi."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò ná."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà wo ló yẹ ìwọ wò kí o tó ríran? Má wulẹ̀ já mi láyà."

Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti gbé ọwọ́ lé èjìká Màmá. Ìgò oògùn tèmi wà nínú àpò inú kóòtù mi, ó ń kàn mí láyà bí mo ṣe ń mí. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Mo ní, "Ó dáa, Màmá," mo sì lọ wá kóòtù rẹ̀ fún un.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ògiri ló kún fún ìwé tó sọ ọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá gbé orí sẹ́yìn nínú ilé ìtọ̀ yẹn, tí oògùn tutù yẹn bá bọ́ sí mi lójú, mo máa ń rántí pé Màmá ò kán tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni mo ń lọ pẹ̀lú ìpinnu pé òní ni màá sọ fún un. Lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín jù. Ní ọjọ́ kan báyìí tí mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa, òun nìkan, mo ní mi ò fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo bá a gbé àpò ọjà rẹ̀ gòkè, ó gbàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Bẹ́ẹ̀ ni open house ṣe dé bá mi. Mo ti rò pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ní gbọ́ sí i. Àmọ́ arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rí ìkéde rẹ̀ lórí fóònù, ó fi han ìyàwó mi, ìyàwó mi sì gbé e dé orí pẹpẹ. Ó ní ọkọ òun tí ojú rẹ̀ ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀ ni àwọn òyìnbó wá yàn pé kó máa fi ẹ̀rọ ojú han aráyé. Ó ní ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run? Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Àwọn obìnrin ìjọ ní àwọn ń bọ̀ wá wò mí.

Mo wá ṣe ohun tó ń tì mí lójú jù lọ nínú gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ jẹun ọ̀sán, mo mú ìwé pélébé tí wọ́n kọ ní Yorùbá nípa àìsàn ojú, mo fi sábẹ́ ẹ̀rọ náà, mo yí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, mo sì kọ́ gbogbo ojú ìwé rẹ̀ sórí, ìlà dé ìlà. Bí mo ṣe máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ sórí nígbà ọmọdé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ò tiẹ̀ wọ mí létí. Ìró rẹ̀ ni mò ń kọ́.

Wọ́n dé lóòótọ́, wọ́n wọ tíréènì wá láti Bronx pẹ̀lú gèlè àti ohùn gíga. Ajá ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ọ̀gá wa ti kó wọn wá fún àlejò. Ajá ńlá aláwọ̀ wúrà kan dìde láti kí wọn, àwọn ìyá ìjọ sì tú ká bí adìẹ. Ọ̀kan gun àga. Òmíràn ń pariwo pé, "Excuse me, ẹ jọ̀ọ́, whose dog is this?" Nígbà tí wọ́n dé ìdí tábìlì òkú, ìyá kan ní Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀dọ̀ wò fún òun, torí pé ibẹ̀ ló ń ro òun. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Fún ìgbà díẹ̀, mo gbàgbé.

Ó wá kan èmi. Wọ́n to àga yí ẹ̀rọ náà ká. Màmá ni wọ́n fi sí àga iwájú, ìyàwó mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá wa kí wọn káàbọ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ìwé pélébé náà sórí pákó. Mo fi lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀ ní kékeré, irú èyí tí ẹni tó ríran lè kà, mo dúró tààrà, mo jìnnà sí i díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohùn mi dára lóòótọ́. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń mí kanlẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ wo ojú tí Ọlọ́run wò sàn!" Àwọn yòókù ní, "Halleluyah!" Màmá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Èmi náà ń bọ̀ wá kà á bẹ́ẹ̀ yẹn!" Mo ń kà á lọ. Mo sọ bí àìsàn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ pé kì í dunni. Mo sọ ọ̀rọ̀ nípa oògùn, pé ojoojúmọ́ ni kí èèyàn máa kán an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀, kódà bó bá rò pé ojú òun ti sàn.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí láti àná, àfi bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí. Iwájú Màmá ni mo ti ń kà á. Ó ṣì gbé ọwọ́ sókè.

Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ máa kà á lọ."

Ìlà tó kù ṣì wà nínú orí mi, mo lè kà á parí. Mo tẹ̀ síwájú dípò bẹ́ẹ̀, mo di bọ́tìnnì yẹn mú, mo sì ń yí i. Lẹ́tà ń wú. Mo ń yí i títí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi gba gbogbo síkírìnì. Mo tẹrí ba, mo gbé imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i. Mo fi ìka ti pákó náà, mo ń ka lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-bí-dí. Mo gbọ́ bí èékánná ajá yẹn ṣe ń kan ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo yíjú sí wọn. Mo ní, "Màmá, mi ò ríran. Mo kọ́ ọ sórí ni. Ti ilé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ ni mo ti mọ̀ sórí. Ojú mi ò sàn."

Màmá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Oògùn yẹn ńkọ́? Ìwọ náà ti dá tìẹ dúró ni?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó wá sí mi lọ́kàn. Ká ní àwa méjèèjì la jọ ṣìnà, ìtìjú rẹ̀ ò ní tó ti òtítọ́ rárá. Mo ki ọwọ́ bọ àpò inú kóòtù mi, mo yọ ìgò náà jáde.

"Rárá, Mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń kán an."

Ó wo ìgò náà. Ó ní, "Ìwọ ń kán tìẹ." Kì í ṣe pé ó ń bi mí. Ó kàn ń sọ ọ́ kó lè dá a lójú.

Ó dìde, ó ní kí n sún. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, ó gbé ojú rẹ̀ síbi tí mo gbé tèmi sí. Mo bá a dín lẹ́tà náà kù títí ó fi ní ó tó, títí odindi gbólóhùn kan fi wà lórí síkírìnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, pẹ̀lú ohùn àwọn tó ka ìwé mẹ́fà láyé ọjọ́un. Ó ka ìdajì, ó dákẹ́.

Mo ní, "Ẹ máa kà á lọ, Mà."

Ó ní, "Mo ti kà á tán."

"Ó ku ìyókù, Mà. Lápá ọ̀tún."

Ó yí orí díẹ̀, ó tún yí i sí i, bí ẹni tó ń wá ẹnì kan nínú èrò. Nígbà tó yá, ó rí i. Ó ní, "Háà." Ó ní, "Nígbà wo ni ibí yìí lọ?"

Ìyàwó mi ló bú sẹ́kún, tí ó gbá Màmá mú láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá wa tí kò gbọ́ Yorùbá rárá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó rò pé gbogbo ẹ̀ jẹ́ ara ìfihàn ẹ̀rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn bá a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ò rí irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ rí, pé ọkàn àwọn èèyàn mi wọ inú rẹ̀ gan-an. Mo dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń yìn mí. Mo ti sọ fún un lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́ bí mo ṣe ń bẹ̀rù, ẹ̀rọ náà ni wọ́n gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà mi, èmi ni mo ń lò ó jù.

Nínú tíréènì tí a wọ̀ padà, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti pe ọmọ Màmá lórí fóònù, wọ́n ti jọ bá ilé ìwòsàn sọ ọ́, Màmá jókòó láàárín àwa méjèèjì pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. A ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ìyàwó mi tó yíjú sí mi.

Ó ní, "Ẹ wò mí tí mò ń jó. Bàtà mi bọ́. Ẹ sì jẹ́ kí n máa jó."

Mo ní kó má bínú. Ó ní inú kọ́ ló ń bí òun, ojú ló ń ti òun. Ohun kan náà ni àwa méjèèjì wá gbé wọ ilé lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ ìsinmi, òun ló kọ́kọ́ dìde láti sọ fún ìjọ pé ẹ̀rí òun ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Mo dìde dúró tì í. Pásítọ̀ ní a ṣeun, ó sì pe orin mìíràn ní kánkán.

Màmá ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí èdè. Mo bi dókítà náà bóyá ìgbà tí kò fi kán an ni apá ọ̀tún yẹn lọ, tàbí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Màmá bi mí pé kí ló wí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe rí gan-an, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ó mi orí. Kò bú mi. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi.

Ní báyìí, tí ìsìn bá gùn, àwa méjèèjì ṣì ń jọ gbé orí sẹ́yìn. Tíṣù ṣì ń wá sí ọ̀dọ̀ mi láti iwájú, àmọ́ Màmá ò fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ohun kan ló ti yí padà. Èmi ni ọmọdé, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí i. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé mi ò lè rí òun tí òun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, tó bá ti gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun, ìyá tó bí ẹgbẹ́ mi, ló máa ń kọ́kọ́ pè mí, sókè, létí gbogbo èèyàn, kí wọ́n má baà tún sọ pé mo gbéraga.

Á ní, "Èmi rè é o. Apá òsì rẹ ni mo wà."

Màá yí sí òsì, màá dọ̀bálẹ̀, màá sì pẹ́ nílẹ̀ kí n tó lè gbé ojú sókè.